Ilé Alájà Ogójì Tí Ẹnikẹ́ni Kì Í Kúnlẹ̀ Nínú Rẹ̀

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi, àti ẹ̀yin ará àdúgbò tí ẹ ní ẹ wá fọnná lọ́dọ̀ mi tí ẹ kò sì lọ mọ́. Ẹni tó bá rí àga, kó jókòó. Ẹni tí kò bá rí, kó fi ìdí tí Ọlọ́run fún un lé ilẹ̀. Tèmi nìyí, ó tó pín fún ènìyàn méjì, ṣùgbọ́n mi ò yá ẹnikẹ́ni. Kí n tó dárúkọ ọdẹ, kí n tó dárúkọ iwin, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ẹjọ́ ara mi sùn yín. Èmi ni òmùgọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìtàn yìí. Òmùgọ̀ pọ̀ níbẹ̀ o, ẹ óò pàdé wọn níkọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ipò kìíní, tèmi ni, mi ò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni bá mi dù ú.

Ìlú kan wà lẹ́yìn igbó tó wà lẹ́yìn igbó. Gọgọrọ ni wọ́n ń pè é. Ilé wọn kì í tẹ́ sílẹ̀ bíi tiwa. Ńṣe ni wọ́n ń gùn ún lérí ara wọn, yàrá lórí yàrá, títí òrùlé yóò fi máa họ ìdí àwọsánmà. Ìbídùn, ọmọ aládùúgbò mi, ló kọ́kọ́ ti ọ̀dọ̀ wa lọ gbé ibẹ̀. Èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ ń lo ògiri kan, ògiri náà ló sì ń dá wa lẹ́kun, títí òun pàápàá fi sán.

Láràárọ̀ ni Ìyá Ìbídùn ń wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi.

"Ìyá Àwẹ̀ró, ẹ ti gbọ́? Ìbídùn ti bọ́ sí àjà kejìdínlógójì! Bó bá da omi láti ojú fèrèsé, omi náà ń gbẹ kó tó délẹ̀."

"Ẹ ní kó máa rọra dà á," ni mo fèsì, "kó má baà da á sí àwọn áńgẹ́lì lára."

Mo rẹ́rìn-ín níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọlé, inú mi ń hó bí ìkòkò ẹ̀kọ. Mo pe Àwẹ̀ró, ọmọ mi kan ṣoṣo tó jẹ́ obìnrin. Mo ní: "Gbéra, ìwọ àti ọkọ rẹ, kí ẹ lọ sí Gọgọrọ. Ibi tí Ìbídùn bá ń gbé, òkè rẹ̀ ni kí o máa gbé. Orókún rẹ méjèèjì yìí, ọmú mi ló mú kó le. Bí o bá fi wọ́n kúnlẹ̀ níwájú ọmọ obìnrin yẹn, má pè mí ní ìyá mọ́."

Ẹ gbọ́ ẹnu àgbàlagbà! Lórí àpótí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yọ ni mo jókòó sí tí mo fi ń pín àwọsánmà. Ewúrẹ́ ń jẹ koríko orí òrùlé mi lọ́wọ́, mo sì ń rán ọmọ lọ síbi tí ẹyẹ ò dé.

Ọdún mẹ́ta kọjá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, odídẹrẹ́ kan bà sórí igi ọsàn wa. Ọkọ Àwẹ̀ró ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀, ló rán an wá. Ẹyẹ náà ké pé: "Àwẹ̀ró lóyún. Oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún rèé. Ìrọbí ti mú un. Kò gbà láti bí." Ó wí i lẹ́ẹ̀mẹta, ó fò lọ.

Ọdẹ́jìmí, ọkọ mi, ń fi òróró pa ìbọn rẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbé ìbọn sílẹ̀.

"Àjọkẹ́, kí lo sọ fún ọmọ yìí nígbà tó ń lọ?"

"Ìmọ̀ràn ni mo fún un, Bàbá Àwẹ̀ró."

"Irú ìmọ̀ràn wo?"

Mo wo ilẹ̀. Ilẹ̀ ò ràn mí lọ́wọ́. Mo ní: "Èyí tó ga."

Kò bú mi. Ì bá bú mi, ara ì bá tù mí. Ó wọ gbérí ọdẹ, ó gbé àpò kọ́, ó gbé ìbọn lé èjìká, ó dé fìlà onítìí, ó sì jáde. Láti ibí lọ, ìtàn di tirẹ̀. Ohun tó fojú rí ló rò fún mi. Bí mo bá fi iyọ̀ sí i, iyọ̀ náà ò pọ̀.

Ẹ má wo bàbá ńlá yín bó ṣe ń wúkọ́ nísinsìnyí o. Nígbà tí agbára rẹ̀ ṣì pé, bí ẹkùn bá rí òjìji rẹ̀ lásán, ẹkùn á rántí pé òun ní iṣẹ́ nílé. Èmi ni mo fẹ́ ẹ, kì í ṣe ẹ̀yin, ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀.

Ọdẹ́jìmí wọ Igbó Ìdíje. Igbó náà ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan, nítorí igi ibẹ̀ kò mọ̀ ju kí ó ga ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Àràbà gun èjìká ìrókò, ọ̀pẹ gun èjìká àràbà, koríko pàápàá ń na ìka ẹsẹ̀. Kò sí èyí tó ráyè so èso nínú wọn. Ọdẹ́jìmí rìn títí ebi fi ń pa á láàárín igi ẹgbẹ̀rún, kò rí ọsàn kan já.

Ibẹ̀ ni iwin kan ti bọ́ sójú ọ̀nà. Orí mẹ́ta ni iwin yìí ní, wọn ò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ńṣe ni wọ́n to wọ́n léra bí abọ́ tí ìyàwó ilé fọ̀ tán.

"Ọlọ́dẹ, dúró!" Orí òkè ló sọ̀rọ̀. "Dá ẹjọ́ fún wa. Ta ni àgbà nínú wa? Èmi ni. Èmi ni mò ń kọ́kọ́ rí oòrùn."

"Irọ́ ló ń pa," orí àárín ní. "Ta ló gbé e tó fi rí i?"

"Ẹ gbọ́ àwọn ọmọdé!" Orí ìsàlẹ̀ ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìnira, nítorí ẹrù méjì wà lórí rẹ̀. "Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ bí. Orí mi ni ẹ jókòó lé tí ẹ fi ń bú mi."

Lẹ́yìn náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta panu pọ̀: "Yan àgbà kan. Àwọn tí o kò bá yàn ni yóò jẹ ọ́."

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Èyíkéyìí tó bá yàn, ẹnu méjì ló kù tí yóò jẹ ẹ́. Òógùn bo Ọdẹ́jìmí. Ó mọ̀ pé ìbọn òun kò lè tó orí mẹ́ta. Ó dákẹ́ bí ọdẹ ṣe ń dákẹ́, ó ń tẹ́tí sílẹ̀. Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà ló ti gbọ́ ohùn kan láti ìsàlẹ̀ iwin: kùrùrùrù. Ebi ń pa iwin náà.

"Ẹ gbọ́?" Ọdẹ́jìmí ní. "Àgbà ti sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ké lẹ́ẹ̀kan tí gbogbo ilé ń sáré kiri nítorí rẹ̀, òun ni àgbà. Ikùn ni."

Orí mẹ́ta wo ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ẹni tó ti dárúkọ ikùn níre láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a. Inú rẹ̀ dùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ń mì tìtì, àwọn orí bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara wọn. Ọdẹ́jìmí gba abẹ́ abíyá iwin náà kọjá. Títí di òní ló ń sọ pé òórùn abíyá yẹn ni ogun tó le jù tí òun jà láyé òun.

Bó ṣe jáde nínú igbó ni ilé Gọgọrọ kan yọ sí i. Ilé alájà ogójì, gíláàsì láti òkè délẹ̀, ó ń tàn yanran bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà lódò. Ní ẹnu ọ̀nà, bàbá arúgbó kan dúró, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú, ó gùn dé ìdodo.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ni a bí níre tí yóò rí irùngbọ̀n báyẹn tí yóò máa wò ó bí ẹni wo àgbàdo? Ọdẹ́jìmí na gbalaja.

"Ẹ kú àárọ̀ o, bàbá. Ẹ kú ìdúró."

"Kú àbọ̀, ọmọ mi. Kú àbọ̀ gan-an ni."

Nígbà tí Ọdẹ́jìmí dìde, èjìká rẹ̀ fúyẹ́. Ìbọn rẹ̀ ti wà lára arúgbó náà. Àpò rẹ̀ wà lára arúgbó náà. Fìlà onítìí wà lórí arúgbó náà, ó tilẹ̀ yẹ ẹ́. Arúgbó náà fi ìka méjì ṣí irùngbọ̀n kúrò lágbọ̀n, ó sì kó o sápò. Irun òbúkọ ni. Ojú iwin ọ̀dọ́ kan ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń dán bí ìgbín tó jáde nínú òjò.

"Èmi ni Ajẹ́ǹtì," ó ní. "Èmi ni mò ń fi yàrá han àwọn ènìyàn, èmi ni mo sì mọ òfin. Ní Gọgọrọ, a kì í fi owó gba ilé. Ẹni tó bá tẹ orókún, tàbí tó dọ̀bálẹ̀ níwájú ẹni tó dúró, ohun tó ní nínú ìlú yìí ti di ti ẹni tó dúró nìyẹn. Ẹ̀yin tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé, ẹ̀yin lẹ ń mú iṣẹ́ mi rọrùn."

"Ṣòkòtò mi ńkọ́?" Ọdẹ́jìmí bi í.

"Mo fi ṣàánú yín, bàbá. Kò bá àsìkò mu."

Ọdẹ́jìmí gbé ìtìjú mì. "Ọmọ mi ni mo wá wò. Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀."

Ojú Ajẹ́ǹtì tàn. "Àwẹ̀ró! Àjà ogójì! Bàbá, ẹ kú oríire ọmọ. Gbogbo ìlú ló ń wo orókún rẹ̀. Ìbídùn tó wà ní àjà kọkàndínlógójì ti dúró níwájú rẹ̀ láti ìgbà tí oyún ti hàn. Bí Àwẹ̀ró bá kúnlẹ̀, Ìbídùn á gòkè. Yàrá Ìbídùn á ṣófo, ẹni tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ á gòkè. Ìdílé kọ̀ọ̀kan á fi àjà kan ga sí i. Wọ́n ti di ẹrù wọn, wọ́n ti tò sórí àtẹ̀gùn."

"Ìrọbí ti mú un lọ́jọ́ mélòó?"

"Òní ló pé ọjọ́ kẹta. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìkúnlẹ̀ ni abiyamọ fi ń bímọ. Kò sì gbà. Àwọn tó mọ̀ ní bí òní bá fi lọ bẹ́ẹ̀, ìyá á lọ, ọmọ á lọ." Ajẹ́ǹtì nu òógùn ojú rẹ̀ pẹ̀lú fìlà ọkọ mi. "Èyí náà ò burú. Yàrá á ṣófo láìsí àríyànjiyàn."

Ọdẹ́jìmí fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ó kọrí sí àtẹ̀gùn.

Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ọkùnrin kan rí i, ó sì na gbalaja sórí símẹ́ńtì tó tutù. Ọkọ Àwẹ̀ró ni.

"Dìde, dìde!" Ọdẹ́jìmí ní. "O ò mọ òfin ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n, bàbá. Mo tẹ orókún kan láti so okùn bàtà mi ní àjà ogún, aládùúgbò mi sì dúró ń wò mí. Bí mo ṣe débí nìyẹn. Àtẹ̀gùn ò gbà mí mọ́. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ lé e, á yọ̀ kúrò lábẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kí yín dáadáa. Èmi nìkan ló kù tó lè dọ̀bálẹ̀ ní ìlú yìí. Mi ò ní nǹkan mọ́." Omijé wà lójú rẹ̀. "Bàbá, ẹ bá mi sọ fún un pé yàrá kọ́ ni mo fẹ́."

Ọdẹ́jìmí ń gun òkè lọ. Àlejò ni, kò ní yàrá rí, nítorí náà àtẹ̀gùn gbà á. Ohun tó rí lójú ọ̀nà, ó ní kò ṣeé rò tán. Ilẹ̀ kún fún ohun tó já bọ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn: ìyarí, ṣíbí, ìlẹ̀kẹ̀, eyín àtọwọ́dá arúgbó kan. Ta ni yóò bẹ̀rẹ̀ mú un? Wọ́n ń rìn bí ẹyẹ àkọ̀, ẹsẹ̀ gbọn-in. Wọ́n ń jẹun lóòró, wọ́n ń fẹ̀yìn ti ògiri sùn. Ní àjà kejìlá, bàbá kan tó ti pé àádọ́rin ọdún ń pe ọmọ ọdún méjì tí wọ́n pọ̀n wọ̀lú, tó ń gbé àjà kẹtàdínlógún, ní "ẹ̀gbọ́n mi," ọmọ náà sì ń tọ̀ sí i lórí láti òkè. Ní àjà kọkànlélọ́gbọ̀n, omi ẹ̀rọ ti di ìkán kan ìkán kan, nítorí omi kì í fẹ́ gòkè, ṣùgbọ́n àwọn ibẹ̀ ń fi ètè gbígbẹ rẹ́rìn-ín sí àwọn tó ń mu omi nísàlẹ̀. Gbogbo wọn ti di ẹrù. Bó ṣe ń kọjá ni wọ́n ń bi í: "Ó ti kúnlẹ̀? Ṣé ó ti kúnlẹ̀?" Ohùn wọn kò ní ìkà nínú. Ohùn ẹni tó ń dúró de òjò ni.

Ó dé àjà ogójì.

Yàrá náà tóbi tó oko. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ àyàfi àwọsánmà lójú gíláàsì. Àwẹ̀ró dúró ní àárín, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí mú, ikùn rẹ̀ yọ síwájú bí ẹrù tí wọ́n gbàgbé sọ̀. Ó ti fi pákó gba orókún rẹ̀ méjèèjì, ó sì fi ọ̀já, ọ̀já tó yẹ kó fi pọn ọmọ, dì wọ́n le dandan kí wọ́n má baà tẹ̀. Ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí i, Ìbídùn dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ pọ́n, kò ṣẹ́jú.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá mi," Àwẹ̀ró ní. Lóòró ló kí i.

Ọ̀rọ̀ náà gún Ọdẹ́jìmí ju ọfà lọ. Ọmọ tó máa ń kúnlẹ̀ kí òun tó gbé ẹran sílẹ̀ láti oko.

"Àwẹ̀ró, kúnlẹ̀ kí o bímọ."

"Bàbá, ẹ ò rí ẹni tó dúró síwájú mi ni?"

"Mo rí i. Ìbídùn, ọmọ mi, jọ̀ọ́, jáde díẹ̀."

"Ẹ kú àtigòkè, Bàbá Àwẹ̀ró. Ẹ má bínú." Ohùn Ìbídùn ti há. "Bí mo bá jáde, á kúnlẹ̀, á bímọ, á dìde, á tún máa rìn lórí àjà mi kókó-kókó láràárọ̀. Bàtà onígi ló ń wọ̀, bàbá! Inú ilé! Ó mọ̀ọ́mọ̀ ni!"

"Ta ló kọ́kọ́ da omi ẹ̀fọ́ sójú fèrèsé ẹlòmíràn?" Àwẹ̀ró fi eyín hàn. "Dúró síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ ti wú bí iṣu ewùrà."

"Ikùn tìẹ ńkọ́? Ṣé ilé lo fẹ́ bí ni?"

Ìrọbí gbá Àwẹ̀ró mú. Pákó orókún rẹ̀ ké, ọ̀já na, ṣùgbọ́n kò tẹ̀. Igbe tó jáde lẹ́nu rẹ̀ mú gíláàsì gbọ̀n. Nígbà tí igbe náà lọ sílẹ̀, ètè rẹ̀ ti funfun.

"Ọmọ mi," Ọdẹ́jìmí ní. "O máa kú."

"Ìyá mi ní bí mo bá kúnlẹ̀ níwájú Ìbídùn yìí, kí n má pe àwọn ní ìyá mọ́."

Ẹ wò mí. Ẹ wò mí dáadáa. Ẹnu yìí náà ni.

Ìbídùn gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó rọra ní: "Ohun tí tèmi náà sọ nìyẹn."

Ọdẹ́jìmí ronú láti fi ọwọ́ fà á jáde, ṣùgbọ́n àwọn tó wà lórí àtẹ̀gùn ti ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé ẹni tó bá fi agbára yí ìdúró ẹnìkan padà, fèrèsé ni wọ́n ń gbà sọ ọ́. Ó wo Ìbídùn. Ó tẹ̀ síwájú, ó ká gbérí rẹ̀ mọ́ra.

"Nígbà náà, èmi ni n ó dọ̀bálẹ̀ fún ọ. Èmi, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ."

"Ẹ má ṣe é!" Ìbídùn pariwo, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́! Ṣé ẹ fẹ́ kí n kú ni? Àgbà kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé! Ẹ má gbé ọ̀ràn yẹn lé mi lórí!"

Ọdẹ́jìmí dúró. Ọdẹ tó mọ iṣẹ́, ipasẹ̀ kan ló ń wá. Ó ti rí ipasẹ̀. Ilé tí wọ́n ti kọ́ ọmọ yìí kò tíì wó nínú rẹ̀.

"Ó dára," ó ní. "Ọkùnrin ni mí. Ojú mi kò gbọdọ̀ rí ibi tí obìnrin ti ń bímọ. N ó yí ẹ̀yìn padà. Ìbídùn, ìwọ nìkan ni obìnrin tó lè gbẹ̀bí nínú yàrá yìí. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi, ọwọ́ rẹ ló wà."

Ó yí padà, ó kọjú sí ògiri.

Ó sọ fún mi pé òun ti dúró de efọ̀n nínú igbó tí ẹ̀mí òun kò sì yẹ̀. Ó ní òun ti sùn sórí igi tí ejò ń rìn lórí ẹsẹ̀ òun. Ṣùgbọ́n dídúró níwájú ògiri yẹn, tí ọmọ ẹni ń ké lẹ́yìn ẹni, tí a ò sì lè wẹ̀yìn, ó ní òun ò fẹ́ irú rẹ̀ mọ́ láyé. Etí rẹ̀ ló di ojú rẹ̀. Ó gbọ́ èémí Àwẹ̀ró, ó ń yára. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ wíwú Ìbídùn tó ń yí lórí símẹ́ńtì, lọ, bọ̀, lọ.

Igbe. Ìdákẹ́jẹ́. Igbe tó gùn jù ú lọ.

"Àwẹ̀ró." Ìbídùn ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Àwẹ̀ró, mo ń rí orí rẹ̀."

"Dákẹ́."

"Mo ń rí orí ọmọ! Irun rẹ̀ pọ̀! Kúnlẹ̀, jọ̀ọ́, á já lulẹ̀! Símẹ́ńtì ni o!"

"Mi ò... kúnlẹ̀... níwájú rẹ!"

"Á já o! Yéè, á fọ́ lórí! Àwẹ̀ró!"

Ọ̀já ya, fàà. Pákó fò, ó bá ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí Ọdẹ́jìmí. Lẹ́yìn náà ni orókún lu símẹ́ńtì: kò. Orókún tún lu símẹ́ńtì: kò. Ti ta ni ó kọ́kọ́ ró, kò mọ̀. Lẹ́yìn náà, kò gbọ́ nǹkan kan rárá. Ó kà á, ó ní èémí márùn-ún ni òun mí láìgbọ́ nǹkan kan.

Ọmọ ké.

Ajẹ́ǹtì wọlé pẹ̀lú eré, ìbọn ọkọ mi ń gbá a nídìí, kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé ń ró lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀? Ẹ sọ ọ́ kíá, ìdílé mọ́kàndínlógójì ló ń dúró! Ta ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀?"

"Èmi ni," Àwẹ̀ró ní.

"Irọ́ ni," Ìbídùn ní. "Èmi ni."

"Ìwọ ni báwo? Ta ló ń bímọ nínú èmi àti ìwọ?"

"Ta ló sì gbà á? Ṣé ìdúró la fi ń gbẹ̀bí ni? Má purọ́ mọ́ mi, Àwẹ̀ró, èmi ni mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀!"

Ẹnu Ajẹ́ǹtì ya sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí ilé náà ti wà, kò gbọ́ ọ rí pé àwọn ènìyàn ń du ipò ẹni tó pàdánù. Ṣùgbọ́n kò ráyè dá ẹjọ́ náà, nítorí ohun mìíràn ti ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí obìnrin tó bímọ rí nínú ilé yẹn. Báwo ni yóò ṣe bí? Àwọn àgbà tó wà lórí àtẹ̀gùn ti gbàgbé bí igbe ọmọ tuntun ṣe ń dún. Ìyá arúgbó kan láti àjà kejìdínlógójì ju ẹrù orí rẹ̀ sílẹ̀, ó ya gbogbo wọn wọlé.

"Ẹ jẹ́ n rí i. Ẹ jẹ́ n rí ojú rẹ̀."

Ọmọ náà wà nílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn méjì tó kúnlẹ̀. Ẹni tó bá dúró kò lè rí i. Ọdẹ́jìmí gbọ́ orókún arúgbó náà: ó ró bí igi gbígbẹ tí wọ́n fi ẹsẹ̀ dá. "Ẹ kú ewu ọmọ o! Ẹ kú ewu!" Òmíràn ró. Òmíràn tún ró. Ó di bíi pé òjò yìnyín ń bọ́ sórí páànù, láti ẹnu ọ̀nà dé orí àtẹ̀gùn, láti àtẹ̀gùn dé àjà ọgbọ̀n, dé àjà ogún, "ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú ewu ọmọ," àwọn tí kò lè rí ọmọ ń kúnlẹ̀ nítorí ẹni tó wà níwájú wọn kúnlẹ̀. Ajẹ́ǹtì na ọrùn, kò rí nǹkan. Ó tún na ọrùn. Òun tó mọ òfin ju òfin lọ tẹ orókún kan láti yọjú.

"Yéè!" ó ní.

Ìbọn bà lé èjìká Ọdẹ́jìmí. Àpò bà á. Fìlà bà á. Ìdì kọ́kọ́rọ́ tó tó orí àgbò bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó wúwo, ó tutù.

"Bàbá," Ajẹ́ǹtì ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láti ilẹ̀. "Bàbá, ẹ má yíjú padà. Ẹ̀yin nìkan lẹ dúró nínú gbogbo ilé yìí. Ó ti di tiyín, láti òrùlé dé gọ́tà. Kò sí ẹni tó tíì ní i tán báyìí rí. Ẹ ṣáà dúró. Bí ẹ bá tẹ orókún, kò sí ẹni tó dúró tí yóò gbà á lọ́wọ́ yín. Á di ti gbogbo ayé. Yàrá òkè á di ọgbọọgba pẹ̀lú yàrá ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá wù ú á sùn síbi tó wù ú. Ìlú á bàjẹ́!"

Ọdẹ́jìmí kò mira. Níwájú rẹ̀, nínú dídán ògiri, ó rí òjìji ara rẹ̀: ọdẹ oko kan tó ní ilé alájà ogójì. Ó rò nípa mi. Ó ní òun rí mi tí mo jókòó sójú fèrèsé òkè yẹn, tí mò ń da omi. Kí n má purọ́ fún yín, bí mo bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ohùn mi ni yóò ga jù: "Dúró gbọn-in, ọkọ mi! Dúró bí ìrókò!" Irú ènìyàn tí mo jẹ́ nìyẹn, ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín.

Orókún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kò mọ̀ bóyá ó fẹ́ le sí i ni, tàbí ó fẹ́ tẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ náà ṣe hẹ́ẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ìbídùn ló sọ̀rọ̀, ó rọ ohùn bí ẹni tó gbé ọmọ lọ́wọ́.

"Bàbá Àwẹ̀ró, ó ti lajú, ó ń wá ojú kiri. Gbogbo wa la ti kúnlẹ̀ kí i káàbọ̀. Ẹ̀yin nìkan ló kù."